Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Pa Ẹ̀gbọ́n Rísì Pọ̀ Mọ́ Ọkọ

Ẹ̀rù kò bà mí lọ́dún náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun. Ọmọ ọdún méje ni mí, mo ti ń dá lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ, mo sì ti bá òbúkọ aládùúgbò jà rí láì sá lọ jìnnà. Pé mo tọ̀ sí ẹní lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi tí mo mu ló pọ̀, kò kan ẹ̀rù rárá. Èdè wa ló jẹ̀bi. Àwọn baba ńlá wa ni wọ́n rí ọ̀rọ̀ kékeré bíńtín, tí wọ́n di iṣẹ́ mẹ́wàá lé e lórí bí ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ sọ́run, tí wọn kò dúró ṣàlàyé fún ọmọdé.

Ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò là ń gbé ní Muṣin, ilé tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń fi sísọ nǹkan méjì di ọ̀kan jẹun. Télọ̀ ni Bàbá. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sì ni aago ilé: bí ìrun àsùbáà bá ti parí, tí a gbá ojúde tán, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dákẹ́, á tún já, títí dìgbà tí òórùn ẹ̀wà yóò fi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Bàbá bá fẹ́ so apá aṣọ mọ́ èjìká rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gán an, ìyẹn ni pé wọn yóò fi òwú gbọọrọ mú un dání fún ìgbà díẹ̀, bí ìlérí àwọn olóṣèlú tó máa ń gun ọkọ̀ ẹrù kọjá nígbà náà tí wọ́n ń ké sí wa pé ká parapọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá rán an. Rán yìí kan náà sì ni wọ́n fi ń rán mi lọ ra òwú. Màmá Àgbà, ìyá Bàbá, jókòó sábẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé, àwọn náà ń gán, ṣùgbọ́n igbá tó fọ́ ni tiwọn. Wọ́n á dá ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó là, wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gán an, omi kò sì ní í jò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ wá wò ó. Ọmọ ń gán kí ó lè tú lọ́la, ìyá ń gán kí ó má baà tú títí ayé, ọ̀rọ̀ kan náà, ilé kan náà, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n fi tó ọmọ létí. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò tí wọ́n ní ó ń jó irin pọ̀. Mo dúró tì í látàárọ̀ kí n lè rí bí irin ṣe ń jó. Iná nìkan ni mo rí, ojú mi sì wú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá wa ti jáde láyé kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀gbọ́n Rísì, àkọ́bí Bàbá, ló wẹ̀ fún mi, òun ló fún mi lóúnjẹ, òun náà ló gbá mi létí nígbà tí ó yẹ. Bí ó bá se ẹ̀wà, ó máa ń fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò sílẹ̀ fún mi, á da epo sí i, á ní kí n jẹ ẹ́ kíákíá kí àwọn àgbà tó rí i. Mò ń sọ eléyìí kí ẹ lè mọ irú akọni tí mo jẹ́. Nígbà tí mo dìde láti gba ẹ̀mí Ẹ̀gbọ́n là, ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò náà wà níbẹ̀.

Gàníyù ni orúkọ ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ. Rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìdó, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí ó máa so wáágọ̀nù kan mọ́ èkejì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í bínú, tí ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, gúgúrú mi lápò. Ìyá rẹ̀ ni kò rọrùn. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ ni, ó sì ti wí létí gbogbo ayé pé ọmọ télọ̀ yìí dára lójú, ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lẹ́nu. Ìyàwó tí òun ń wá fún ọmọ òun kò gbọdọ̀ lẹ́nu. Ẹnu kan ti tó nínú ilé, tòun sì ti wà níbẹ̀. Ìdáhùn kan péré láti ẹnu Ẹ̀gbọ́n ló ń dúró dè kí ó fi kó ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń ké lọ́ọ̀ọ́kán, Bàbá àti Màmá Àgbà sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ẹní.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán," Bàbá wí. "A máa so yìgì Rísì. Ká pa àwọn méjèèjì pọ̀, kí ọkàn wa balẹ̀."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," Màmá Àgbà dáhùn. "Ẹ̀jẹ̀ wọn kúkú bára mu."

"Àgbò yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Jẹ́ kó wà lórí ìso. Òun la máa kọ́kọ́ pa."

Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Lónìí, mo mọ̀ pé bí a bá so yìgì, ìgbéyàwó Mùsùlùmí la ṣe, mo sì mọ̀ pé ẹni tí a bá pa pọ̀ mọ́ ẹnìkan kò kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí àwọn kan tó jọ òkú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èmi fúnra mi ti so yìgì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sì tú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ohun tí wọ́n bá so nínú ilé wa, pípa ni wọ́n ń pa á gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ṣe àgbò Iléyá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe adìyẹ aláròóyé tí mo fẹ́ràn náà nìyẹn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Súlè lọ. Ọmọ ilé kejì ni, ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́ta, ó sì ti ka ìwé mẹ́ta, èyí tó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé gbogbo ọmọdé àdúgbò.

"Súlè, kí ni wọ́n ń pè ní yìgì?"

"Okùn ni."

"Irú okùn wo?"

"Ìwọ náà rò ó. Ṣebí wọ́n ní wọ́n fẹ́ so ó? Kí lèèyàn ń so tí kì í ṣe okùn?"

"Ibo ni wọ́n máa ń so ó sí?"

Ó wò mí bí dókítà ṣe ń wo ẹni tí kò ní í pẹ́. "Ọrùn ni. Wọ́n so ti àǹtí mi lọ́dún tó kọjá. Ṣé o tún rí i ládùúgbò yìí?"

N kò rí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Pé àǹtí náà wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Jíbówú, tí ó ń ta ẹ̀kọ, tí ó sì ń sanra, kò sẹ́ni tó fi èyí kún ẹ̀rí fún mi.

Nítorí pé ọmọ tó lọ́gbọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo gbọ́, mo tọ Bàbá lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì bi wọ́n léèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kàn ṣèèṣì bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàárín ètè wọn. Wọ́n ní, "Yìgì ni ohun tí a bá so, tí kò gbọdọ̀ ṣeé tú." Mo dúpẹ́, mo sì lọ bá Màmá Àgbà.

"Màmá, wọ́n so yìgì tiyín náà rí?"

"Wọ́n so ó, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ó dùn yín?"

Màmá Àgbà gbé igbá ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n rò ó dáadáa. "Ti àkọ́kọ́ dùn mí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti mọ́ mi lára."

Mo sún mọ́ wọn, mo wo ọrùn wọn. Ẹ mọ bí ọrùn ìyá arúgbó ṣe máa ń rí, ìlà lórí ìlà, yíká ọ̀fun. Mo ka ìlà náà, wọ́n ju méjì lọ. Ọkàn mi sọ fún mi pé àwọn aláìláàánú wọ̀nyí ti gbìyànjú ju iye tí Màmá fẹ́ jẹ́wọ́ lọ, Ọlọ́run nìkan ló yọ wọ́n.

Nígbà náà ni mo rí i pé Ẹ̀gbọ́n Rísì náà mọ̀. Mo bá a lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń sẹ́ ògì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi apá nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Múfú, tí mo bá lọ, kí o máa jẹun o. Kí o máa jẹ́ kí Màmá wẹ̀ fún ọ. Má bá wọn jà."

Tí mo bá lọ. Ìyá wa náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi. Mo bi í bóyá kò lè sá. Ó ní níbo ni òun fẹ́ sá sí, pé Bàbá ti fọwọ́ sí i, àwọn alfa ti gbọ́. Ó tún bomi sí ògì náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sí okùn, kò sí ìso: ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Ní ọjọ́ kan péré, mo kó okùn ìsáṣọ, okùn tí a fi ń di igi ìdáná, okùn tí Màmá Àgbà fi ń gán igbá, àti okùn ṣòkòtò Bàbá tó fẹ̀ jù, mo dà wọ́n sí ṣáláńgá. Mo tú àgbò náà sílẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ó wò mí, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn kan wà láyé tí ẹ̀mí ara wọn kò jọ wọ́n lójú. Ní ìdájí, Bàbá jáde láti lọ kírun, wọ́n fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, èkejì gbé ṣáágo omi. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ni wọ́n fi so ó nígbẹ̀yìn.

"Irú olè wo ló máa ń jí okùn ṣòkòtò, tí á fi ṣòkòtò sílẹ̀?" Bàbá bèèrè.

"Olè tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni," Màmá Àgbà dáhùn.

Wọ́n ra okùn tuntun kí oòrùn tó wọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ń ta okùn lọ́jà. Ó wá ku ọ̀nà kan. Bí Gàníyù kò bá wá, wọn kò ní í rí ẹni tí wọn yóò pa Ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, mo di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Bùrọ̀dá, ẹ má wá ní Jímọ̀ o."

"Kí ló dé?"

Mo wo ẹ̀yìn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ní àwọn máa pa yín pọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Àmín, ọmọ dáadáa. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú wa."

"Ẹ ò gbọ́ mi. Ẹ̀yin àti Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kan náà."

"Àbí kí wọ́n pín in sí ọjọ́ méjì ni?"

"Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Ó gbé gúgúrú lé mi lọ́wọ́. "Ó ń bà mí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin ló máa kàn."

Mo jẹ gúgúrú náà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọkùnrin tó láyà tó báyìí, ó dùn mí pé kò ní í dàgbà.

Jímọ̀ pé. Wọ́n pa àgbò ní òwúrọ̀ lójú mi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣètò. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n tẹ́ ẹní sí ojúde, àwọn àgbà jókòó, alfa àgbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun wà láàárín. Gàníyù wọ aṣọ funfun, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bí adájọ́. Ẹ̀gbọ́n Rísì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó látòkè délẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tí a fẹ́ gbé lọ sí itẹ́ òkú. Mo há sẹ́yìn Màmá. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n, nítorí òtútù. Ọ̀sán gangan ni.

Alfa bi Bàbá, Bàbá ní àwọn fi ọmọ àwọn fún un. Wọ́n bi Gàníyù, ó ní òun gbà. Wọ́n wá kọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Rísíkátù, Gàníyù ló ń fẹ́ ọ ní aya. Ṣé o gbà?"

Kò dáhùn. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ funfun náà kò tilẹ̀ mì. Alfa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wúńdíá kì í lanu láàárín ọkùnrin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti dákẹ́, ó ti gbà. Alfa ya ẹnu láti sọ pé ó parí. Èmi ni mo dìde.

"Wọn ò gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ bi wọ́n, wọn ò dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n."

Alfa yọ gíláàsì ojú wọn. "Ta la fẹ́ pa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ní ẹ máa so wọ́n, ẹ máa pa wọ́n pọ̀ mọ́ Bùrọ̀dá Gàníyù. Ẹ ti pa àgbò."

Gàníyù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bóyá ó rántí ọjọ́ Túsìdeè. Ẹ̀rín ràn ká gbogbo ẹní, àfi ibì kan. Ìyá Gàníyù ti dìde, ó ń gbọn ìró rẹ̀.

"Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀," ó ní. "Ọmọ tó ń bá a sùn lórí ẹní kan, òun ló mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ọmọdé ní kò gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ bi í. Gàníyù, dìde."

Ẹ̀rín tán. Bàbá ń làágùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ kì í ti ẹnu ọmọ ọdún méje tú ilé ká. Alfa gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní ìdákẹ́ wúńdíá tó o, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tí ènìyàn ti sọ̀rọ̀ sí kì í ṣe ìdákẹ́ mọ́. Ó ti di dandan kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí gbogbo wa gbọ́. Bí kò bá sì sọ ọ́, kí oníkálukú máa lọ sílé ní àlàáfíà.

A wo aṣọ funfun náà. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù bà mí, èyí tí mo gbà pé ẹ̀rù ni. Mo wo ojú Bàbá, mo rí i pé mo ti ba nǹkan kan jẹ́, n kò sì mọ ohun tó jẹ́, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ padà. Ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ kúrò lójú. Kò wo alfa, kò wo Gàníyù, kò wo ìyá rẹ̀ tó dúró. Èmi ló wò, èmi tí ikun ti dé ètè mi.

"Múfú," ó ní, "mo gbà."

Ohùn rẹ̀ já geere dé ojú títì. Alfa bẹ̀rẹ̀ àdúrà kíákíá kí ẹlòmíràn tó dìde. Ìyá Gàníyù jókòó wọ̀ọ̀, ó ní, "Ṣebí mo sọ pé ó lẹ́nu." Fún ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń pe Ẹ̀gbọ́n ní ìyàwó tó dá alfa lóhùn, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ń bi mí bóyá wọ́n ti sin ín. Wọ́n gbé e lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò kú. Ó kàn lọ ni, èmi ò sì rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta. Ẹ̀wà Màmá Àgbà kì í jóná rárá.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, Ẹ̀gbọ́n àti Gàníyù, ti darúgbó báyìí. Lọ́dún Iléyá kan tí kò tíì jìnnà, mo wà nílé wọn, mò ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo wá fi kún un, bí ẹni tó ń gba ọpẹ́, pé bí kì í bá ṣe èmi ni, wọn ì bá má gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ń bó ọsàn, kò gbójú sókè.

"Òótọ́ ni," ó ní. "N kò mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Mo dákẹ́ torí pé n kò mọ̀ ni, wọ́n sì fẹ́ mú ìyẹn ní ìdáhùn. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni mo ní kí n rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. ‘Mo gbà’ tí mo wí lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni mo dá lóhùn, Múfú. Èmi ò tíì dá Gàníyù lóhùn."

Gàníyù na ọwọ́ gba ọsàn tó bó. Ó ní òun ò kánjú.